Ẹ̀rọ Tí Fúnminíyì Kò Rí Tàn

Níbi ìsìnkú Fúnminíyì ọmọ mi, wọ́n ń pè é ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ ní yunifásítì, tó ń tún ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bá bàjẹ́ ṣe. Gàrí ni mo yàn ní Ìlá níbí tí mo fi rán an nílé ìwé.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun kan dé ibiṣẹ́ rẹ̀. Fúnminíyì ní ẹ̀rọ náà ń mọ nǹkan bí a ṣe ń mọ ògiri, ìpele lórí ìpele, àmọ́ oje ló ń lò: oje tó ń le bí egungun àti oje tó rọ̀ bí ẹran ara, lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi fóònù ya ọwọ́ ọ̀tún mi yípo.

"Ọwọ́ yín ni màá kọ́kọ́ mọ, Ìyá mi, teegun-tẹran. Òun làwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà yóò máa fi kọ́ṣẹ́."

"Ọwọ́ oníka wíwọ́ yìí? Kí wọ́n lè máa fi mí rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ̀gẹ́ bíbó ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i."

Wọn ò tan ẹ̀rọ náà. Wọ́n so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn, wọ́n ní Olóyè Oyèdọ̀tun tó fi ta wọ́n lọ́rẹ ni yóò ti Èkó wá ṣí i. Oṣù mẹ́sàn-án! Fúnminíyì ń pariwo pé oje náà yóò bàjẹ́. Kọ́lájọ, ọ̀gá rẹ̀, ní: "Ṣé ìwọ lo rà á? Kí Olóyè wá bá a pé a ti lò ó?"

Nígbà tí Olóyè wálé ṣọdún ní Ìgbájọ, ọmọ mi gun ọ̀kadà lọ bẹ̀ ẹ́. Olóyè kọ ọjọ́ tí yóò wá ṣí i sínú lẹ́tà fún un. Bó ti ń bọ̀, tírélà gbá a pa. Wọ́n yọ lẹ́tà náà lápò rẹ̀, wọ́n nu ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, ọjọ́ inú rẹ̀ náà ni wọ́n sì lò.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n pè mí wá sí yunifásítì, wọ́n ní kí n di etí ríbọ́ọ̀nù mú. Olóyè gé e. Àtẹ́wọ́ sọ.

"Ẹ tàn án," ni mo wí.

Kọ́lájọ súnmọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, oje inú rẹ̀ ti dì. Ẹ ṣáà rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ya fọ́tò."

Mo yíjú sí Olóyè. "Òkú ẹ̀rọ lẹ ṣí, Olóyè. Nígbà tó wà láàyè, ọmọ mi náà wà láàyè."

Mo ju ríbọ́ọ̀nù náà sórí ẹ̀rọ, mo wọ ọkọ̀ Ìlá. Ẹ̀gẹ́ wà lẹ́yìnkùlé mi tí n kò tíì bó.