Wọ́n Ní Ibà Ló Pa Ìyàwó

Ẹ má sọ pé ogbó ló ń dà mí láàmú. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú mi ṣì ń ka ìwé ìròyìn dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ìrọ̀lẹ́ ló ṣẹlẹ̀, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Mi ò sùn, mi ò sì mu ju omi lọ.

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Mi ò fẹ́ pariwo rẹ̀.

Iṣẹ́ ìṣirò iye ènìyàn ni mo kọ́ ní yunifásítì, nígbà tí a ṣì ń jẹ adìyẹ níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Olùkọ́ wa kan máa ń sọ pé àyè tó ṣófo kì í ṣe òdo. Tí o bá kọ òdo sí ibi tí o kò ti béèrè, á fa ìwé rẹ ya lójú gbogbo kíláàsì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ ìjọba, kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, gba Costain, dé Surulere, láti ilé dé ilé, kí n lè fojú ara mi rí ohun tí mo máa kọ. Ẹ wá wo ohun tó kù lónìí.

Láìpẹ́ yìí ni wọ́n bẹ̀ mí wá sí ilé ìwòsàn kan ní Mushin, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, pé kí n bá wọn ṣírò iye obìnrin tí oyún tàbí ọmọ bíbí pa. Iṣẹ́ náà kò le rárá. Ẹ gbé ìwé yàrá ìgbẹ̀bí síwájú, ẹ gbé ìwé òkú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obìnrin tó bá kú nínú oyún, tàbí tó kú kí ọjọ́ méjìlélógójì tó pé lẹ́yìn tó bímọ, ẹ wá ohun tó pa á, ẹ kọ ọ́. Ìbéèrè náà wà nínú ìwé òkú gan-an, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀: ṣé ó lóyún, àbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ?

Ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé, obìnrin lẹ́yìn obìnrin, wọn ò dáhùn rẹ̀. Ibà. Ibà. Àìtó ẹ̀jẹ̀. Ibà.

Àǹtí Rísì ló ń bójú tó yàrá fáìlì, ọmọ Mushin gidi, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ.

"Àǹtí," mo ní, "ṣé ẹ̀fọn Mushin kì í jẹ ọkùnrin ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀fọn Surulere ló kàwé, tiwa ò lọ sí síkúùlù."

"Kí ló dé tí ẹ ò kọ ohun tó ṣẹlẹ̀?"

"Tí a bá kọ ọmọ bíbí, ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ikú abiyamọ á dé. Ta ló pẹ́? Ta ni kò tètè wá ẹ̀jẹ̀? Ṣùgbọ́n tí a bá kọ ibà, ta ló máa pe ẹ̀fọn lẹ́jọ́?"

Ó dìde, ó lọ kírun Alásárì. Ó ku èmi nìkan, àti ìlà kan tó ti ń bí mi nínú láti àárọ̀: Ìyàwó. Obìnrin. Ọjọ́ orí, a kò mọ̀. Ibà.

Ẹ mọ bí a ṣe máa ń ṣe. Ìyàwó tuntun wọ ilé, gbogbo ará ilé á máa pè é ní Ìyàwó, títí di ọjọ́ tí wọ́n bá sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ, tó wá di Ìyá Lágbájá. Àwọn ará ilé tó gbé eléyìí wá kò mọ orúkọ mìíràn. Ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ ní ọjà Ládìpọ̀. Ẹni tó ń kọ̀wé kò sì béèrè.

Mo gbójú sókè. Obìnrin kan ti jókòó sórí àga ẹnu ọ̀nà. Ẹ gbà mí gbọ́, ilẹ̀kùn yẹn máa ń ké bí ewúrẹ́, mi ò sì gbọ́ ọ. Ọmọdébìnrin ni, kò lè ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ. Aṣọ àyà rẹ̀ tutù ní ojú méjì, bíi ti abiyamọ tí ọmú rẹ̀ kún. Mo rò pé ìwé ìbí ọmọ ló wá gbà.

"Ọmọ mi, Àǹtí ti lọ kírun. Dúró dè é."

Ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. "Ẹ̀yin ni mo wá bá, Bàbá. Ẹ bá mi kọ ọ́ pé mo bímọ."

"Kí ni orúkọ rẹ?"

"Ìyàwó."

"Ìyàwó ta ni? Ṣé Ìyàwó lorúkọ ni?" Mo ti jágbe mọ́ ọn kí n tó mọ̀. Kí Ọlọ́run forí jì mí.

"Ó ku ọjọ́ kan kí wọ́n sọ ọmọ mi lórúkọ," ó ní. "Mo sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ ò dá."

Mo tẹjú mọ́ ìwé. Mo ka ọjọ́ méje sẹ́yìn láti ọjọ́ ikú tó wà ní ìlà yẹn, mo wá a nínú ìwé ìgbẹ̀bí. Òun nìyí: àdírẹ́ẹ̀sì kan náà pẹ̀lú ti ìwé òkú, ọmọ àkọ́bí, obìnrin, ìyá àti ọmọ wà dáadáa, wọ́n ti lọ sílé. Orúkọ rẹ̀ pé pérépéré. Mo gbójú sókè láti fi orúkọ náà pè é.

Kò sẹ́ni lórí àga.

Kí n má purọ́, ẹ̀rù kọ́ ló kọ́kọ́ mú mi. Inú ló bí mi. Irú ìlú wo lèyí, tí òkú ní láti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá dáhùn ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù? Àfìgbà tí mo fọwọ́ kan àga náà. Ó tutù rin, omi rẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sẹ́yìn, títí ẹ̀yìn mi fi kan ògiri.

Àǹtí Rísì wọlé. Ó mú àkísà, ó nu àga náà bí iṣẹ́ tó ti mọ́ ọn lára.

"Ó ti wá bá ẹ̀yin náà," ó ní wẹ́lẹ́.

"Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Èmi máa ń ní kó lọ bá Mátírọ̀n."

Ẹ gbọ́ o! Wọ́n ń lé òkú láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn.

Mo mú bírò. Àǹtí gbọ́wọ́ lé ìwé náà. "Bàbá, ẹ dákun. Èmi ni mo kọ ibà yẹn. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ ni. Èmi ni ìgbìmọ̀ máa kọ́kọ́ pè."

"Ó sàn kí ìgbìmọ̀ pè yín ju kí òkú máa wá yín wá."

Ó gbé ọwọ́ kúrò. Mo kọ orúkọ olóògbé náà pé. Mo kọ ọ́ pé ó bí ọmọbìnrin kan, pé ọjọ́ keje ló kú, pé ẹ̀jẹ̀ kò dá. Mo fọwọ́ sí i. Àǹtí náà fọwọ́ sí i.

Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìta ni mo bá Àǹtí, kò lè wọlé. Ó nawọ́ sí bẹ́ǹṣì gígùn tí àwọn aláìsàn máa ń jókòó sí ní kọ́rídọ̀. Ó tutù ní ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ka àwọn ojú tó tutù náà, nítorí kíkà niṣẹ́ mi: ènìyàn mẹ́sàn-án ló ti jókòó níbẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "àwọn yòókù ti gbọ́ pé ẹnì kan ti ń kọ ọ́."

Mo kọ èyí tí mo rí kọ kí iṣẹ́ mi tó tán. Àwọn ìwé náà ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá. Mi ò mọ ohun tí wọ́n fi wọ́n ṣe níbẹ̀. Àǹtí pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní bẹ́ǹṣì náà kò tíì gbẹ.

Nítorí náà, bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí yín, kí Ọlọ́run má jẹ́ ẹ, ẹ má kàn sunkún lọ sílé. Ẹ dúró ti akọ̀wé. Ẹ pe orúkọ ọmọ yín pé. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń kọ. Ẹ̀yin tí bírò sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ béèrè nígbà tí àwọn tó gbé e wá ṣì wà níwájú yín. Ìbéèrè tí ẹ kò bá bi alààyè, òkú á wá dá yín lóhùn.