Nígbà Tí Alhaji Wá Gbọ́ Ohùn Katakata Rẹ̀

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń tún katakata ṣe ní Sábọ̀n Gàrí lókè Ọya, apá sì ti ń dùn mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àgbẹ̀ Haúsá kan tó jẹ́ oníbàárà mi àtijọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ wá. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ ta katakata rẹ̀ tó ti wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi látọjọ́ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Ó fi Haúsá sọ fún mi pé, “Bá mi sítáàtì ẹ̀, kí n gbọ́ ohùn ẹ̀.”

“Alhaji, ó ti gbó, ó sì ti rẹ èmi náà.”

Ó kàn dúró síbẹ̀ ni. Mo fa afẹ́fẹ́ inú páìpù dísẹ́ẹ̀lì jáde, mo ki irin bọ iwájú ẹ́ńjìnnì, mo yí i. Ó kọ̀. Òógùn bò mí kó tó wúkọ́, tó tú èéfín dúdú, tó wá ń dún.

Alhaji gbọ́wọ́ lé e, ó bi ọmọ rẹ̀ pé, “Ṣé ó ṣì pupa?”

Ó ti dógùn-ún látòkè délẹ̀.

Ọmọ náà ní, “Ó ṣì pupa, Baba.”

A jókòó ti katakata náà títí dísẹ́ẹ̀lì fi tán.