Ìṣáwùrú Inú Ọmọ Abọ̀

Ìyá ọkọ mi kì í jẹ ẹja tí wọn kò bá kọ́kọ́ yẹ ikùn rẹ̀ wò. Ọmọ etí ọ̀sà ni wọ́n, wọ́n ní ikùn ẹja kì í parọ́. Ọmọ abọ̀, ẹja pẹlẹbẹ tí ojú rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ni wọ́n fẹ́ràn jù. Bí wọ́n bá rí èérún ìkarahun ìṣáwùrú nínú rẹ̀, wọn á ní omi ẹ̀yìn ilé wa ló ti jẹun. Bí wọn ò bá rí i, ológbò yó nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, ibà dá wọn wó nílé wa ní Festac. Fún ọjọ́ mẹ́rin, wọn ò jẹun, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí oògùn ò ṣeé lò láìjẹun. Wọ́n ní ọmọ abọ̀ nìkan làwọn lè jẹ.

Mo sáré dé etí omi. Apẹja tí mo bá níbẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, wọ́n ti da yanrìn bo ẹrẹ̀ tí ìṣáwùrú ń gbé. Kí lọmọ abọ̀ fẹ́ wá jẹ?"

Wọ́n ní ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ọ̀yà. Mo ra ọmọ abọ̀ inú yìnyín mẹ́ta, mo ra ìṣáwùrú lọ́jà Alákijà. Mo la ojú kékeré sí ikùn ẹja kọ̀ọ̀kan, mo ki ìṣáwùrú bọ̀ ọ́, mo fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an padà. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Mo gbé ẹja náà lọ bá Màmá ní tútù. Wọ́n dìde jókòó, wọ́n la ọ̀kan. Ìṣáwùrú mẹ́rin bọ́ sínú àwo, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó àtàǹpàkò mi. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n gbé e sẹ́nu ẹja. Kò wọlé. Wọ́n fa òwú yọ.

"Ìyàwó mi, ta ló fún un jẹ?"

Mo kúnlẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà wọ́n. Lẹ́yìn náà, ohùn wọn wálẹ̀. "Kò sí nínú omi mọ́, àbí?"

"Wọ́n ti da yanrìn sí i, mà."

Wọ́n da ìṣáwùrú náà padà sínú àwo. Mo ti gbà pé oúnjẹ ọjọ́ náà tún ti bọ́.

"Lọ sè é. Kó ìṣáwùrú náà sí i."

Wọ́n jẹ ẹja méjì tán, wọ́n sì lo oògùn. Wọ́n ti ẹ̀kẹta sọ́dọ̀ mi. "Jẹ ẹ́, kó tètè mọ́ ẹ lára. Ìwọ àtàwọn ọmọ rẹ lẹ ó máa jẹ ẹja inú yìnyín báyìí lọ."