Orin Ojú Fèrèsé

Àwọn obìnrin ìjọ ti dá orin sílẹ̀ lágbàlá, agogo ń dún, èmi àti ìyá àgbà sì wà nínú yàrá rẹ̀ ní Oǹdó, a ti ilẹ̀kùn. Òórùn kánfọ̀ gba gbogbo yàrá. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká ìró kan, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

Bàbá mi ni wọ́n fẹ́ gbé lọ sin, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá àgbà bí. Lọ́dọ̀ wa, òbí kì í dé ibi ìsìnkú ọmọ, kò tilẹ̀ gbọdọ̀ yọjú síta. Wọ́n ní kí n jókòó tì í. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Bó bá pinnu láti jáde, kí ni mo fẹ́ ṣe sí i?

Bẹ́ẹ̀, òun ló máa ń lé orin níbi òkú gbogbo. Bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ bá ń yí gbiri nílẹ̀, yóò dúró tì í, yóò máa lé orin náà jẹ́jẹ́ títí onítọ̀hún yóò fi máa gbè é. Mi ò rí omi lójú rẹ̀ rí. Àwọn aládùúgbò ní ọkàn rẹ̀ le, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, orin ò jìnnà tó fi já. Obìnrin tó ń lé e bú sẹ́kún, àwọn tó ń gbè dákẹ́. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó gbé pósí lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á gbé bàbá mi lọ láìkọrin fún un.

"Ìyá àgbà, wọn ò mọ̀ ọ́n kọ."

"Wọ́n mọ̀ ọ́n, ọma mi. Ẹkún ló dí wọn lọ́fun. Lọ sójú fèrèsé."

Ó tẹ̀ lé mi, ó fi ẹnu sí etí mi, ó kọ ìlà àkọ́kọ́, mo sì gbé e jáde. Àwọn obìnrin náà yíjú wo fèrèsé, wọ́n gbè é. Ó sọ ìlà kejì sí mi létí. Nígbà tó kan ìlà kẹta, ẹkún ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi. Mo fẹ́ yíjú, ó di èjìká mi mú.

"Má wẹ̀yìn. Máa lé e lọ."

Mo ti gbọ́ ìyókù lẹ́nu rẹ̀ níbi òkú púpọ̀, mo sì lé e títí pósí fi jáde ní géètì.

Àkúrẹ́ ni mo ń gbé báyìí, mo ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Bí ẹnikẹ́ni bá kú nínú ìjọ wa, èmi ni wọ́n ń pè. Wọ́n ní ojú mi gbẹ jù, mi ò bá wọn jiyàn. Bí mo bá ń lé orin, mi ò ráyè sunkún. Àwọn tó ń gbè ló ń rí i sun. Nígbà tí ìyá àgbà fúnra rẹ̀ kú, èmi ni mo lé orin rẹ̀, mo sì lé e parí. Ó dùn mí gan-an, ó ṣì ń dùn mí. Òun rí ẹni bá a lé orin lọ́jọ́ kan yẹn. Èmi ò tíì rí.