Oorun Tí Kì Í Dá Lójú

Oorun kì í wọ́n lójú mi. Bí mo bá ti kírun alẹ́ tán, tí mo gbé orí lé ìrọ̀rí, ó parí nìyẹn. Kí ẹ̀fọn máa kọrin, kí ajá àdúgbò máa gbó, kò kàn mí. Màá sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Síbẹ̀, bí mo bá jí, ṣe ni yóò dà bíi pé mi ò fojú kan oorun rí.

Ara mi á dìde, èmi á ṣẹ́kù sórí ibùsùn. Gamkalley ní Niamey ni mo ń gbé, lẹ́bàá odò, láàárín àwọn Zarma tó ń gbin ẹ̀fọ́. Nígbà ọyẹ́, kùrukùru máa ń ti orí omi gòkè wá sí àgbàlá wa, mi ò sì ní mọ èyí tó wà níta yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú orí mi. Mo lè pọn omi àlùwàlá sínú búútà, kí n tún padà wá pọn òmíràn. Mo lè wà lórí ìrun àsùbáà kí n má mọ̀ bóyá rákà kìíní ni mo wà tàbí èkejì. Igi dóńgóyárò tó wà láàárín ilé á máa mì jẹ́jẹ́, ewé rẹ̀ á máa bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi á jókòó sórí àpótí, màá máa wò ó. Kí n má purọ́, ó ń dùn mọ́ mi díẹ̀. Mo dà bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi, tí ẹnikẹ́ni ò tíì wá fún. Ó di ìgbà tí oòrùn bá wọ àgbàlá kí orí mi tó padà dé.

Mo lọ rí dókítà. Ó gba ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní kò sí ibà, ẹ̀jẹ̀ mi sì tó. "Fatigue ni, madame," ó ní. Àárẹ̀! Àárẹ̀ ti kí ni? Ẹni tó ti ń sùn bọ̀ láti ìgbà ìrun alẹ́ ló tún rẹ̀? Inú bí mi. Mo lo oògùn tó kọ fún mi tán, mo sì ń jí sínú kùrukùru mi lọ bí ìṣe mi.

Nígbà tí bàbá mi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ní kí màmá mi má dá gbé inú ilé ńlá yẹn. Kí wọ́n máa bọ̀ ní Niamey. Àdúgbò Kalley níbí ni àwọn méjèèjì ti ta aṣọ láyé ọjọ́un, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ṣọ́ọ̀bù wọn ni mo sì ń jókòó tì títí dòní. Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Agadez, ìgbà tí àyè bá gbà á ló ń wálé, nítorí náà èmi àti màmá mi nìkan ló wà nínú ilé. Inú mi dùn débi pé mo ra ẹní tuntun fún wọn. Orí ẹní yẹn, lábẹ́ igi, ni wọ́n máa ń wà láti àsùbáà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, tí wọ́n á kọjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi. Mi ò bi ara mi léèrè rí pé kí ni wọ́n ń retí níbẹ̀.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé ní ìrọ̀lẹ́, oúnjẹ wà, ẹ̀rín ò sí. Mo rò pé àárò bàbá mi ló ń sọ wọ́n. Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo bá báàgì wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti dì í. Wọ́n ní àwọn ti bá bàbá tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní gáréèjì sọ̀rọ̀, ó ti fi àyè pamọ́ fún àwọn, ọkọ̀ á gbéra láàárọ̀ ọ̀la.

"Màámi, kí ni mo ṣe yín?"

"O ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ilé rẹ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi."

Wọ́n ka tẹ̀sùbáà díẹ̀ sí i. "Láti ìgbà tí mo ti dé, o ò kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀ rí. Kò sí ẹ káàárọ̀, kò sí ẹ ò jíire bí. Ò ń kọjá lára mi bí ẹni ń kọjá lára ògiri. Mo ní bóyá oorun ni. Ṣùgbọ́n ìyá Zarma tó ń bomi rin sàláàdì lẹ́yìn ilé, bó bá pè ọ́, ò ń dá a lóhùn ketekete. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde o."

"Èmi kẹ̀? Èmi ò kí ẹnikẹ́ni láàárọ̀! Ẹnu mi kì í là kí oòrùn tó yọ."

"*Mate ni kani?*" Wọ́n fi ohùn ìyá náà sọ ọ́, wọ́n sì fi ohùn tèmi dáhùn: "*Bani samay!*" Wọ́n yíjú sí mi: "Ṣé o rí i? Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Mo ti mọ̀ pé mo ti sú ọ."

Ìkíni òwúrọ̀ àwọn Zarma nìyẹn: báwo lo ṣe sùn? Èsì rẹ̀ ni pé àlàáfíà ni. Láti ìgbà tí mo ti ń rá kòrò ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń bi mí, tí mo sì ń dáhùn. Ahọ́n mi mọ̀ ọ́n láìsí èmi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkíni tiwa kì í bèèrè oorun, jíjí ló ń bèèrè. Ó fẹ́ eékún nílẹ̀, ó fẹ́ ojú, ó fẹ́ "ẹ̀yin". Odindi ènìyàn ló ń fẹ́, èmi kì í sì í pé láàárọ̀.

Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí, ẹkún tẹ̀ lé e. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn: kùrukùru, dókítà, rákà tí mi ò lè kà. Mo ní, "Màámi, ẹ má lọ. Mo fẹ́ kí ẹ wà lọ́dọ̀ mi."

Wọ́n ní, "Ìrọ̀lẹ́ lo ń sọ̀rọ̀ yìí. Ní ìrọ̀lẹ́, ta ni ò lẹ́nu? Jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná. Bí o bá kí mi láàárọ̀, màá dúró."

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo gbé fóònù sẹ́bàá etí kó lè jí mi, mo sì dùbúlẹ̀, mo ń ka ìkíni náà bí ọmọ ilé kéwú, títí oorun fi gbé mi lọ.

Nígbà tí mo jáde, gbogbo àgbàlá funfun. Mo rí igi, mo rí ẹní, mo rí báàgì. Mo rí ẹnì kan tó fi ìbòrí bo orí, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá kan wà tó yẹ kí n sọ fún un, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wà ní òdìkejì odò. Lẹ́yìn ògiri, ohùn kan béèrè bí mo ṣe sùn. Ẹnu mi ti fẹ́ dáhùn; mo fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. Mo ń rìn lọ, ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo kúnlẹ̀. Mo la ẹnu, kò sí ohun tó jáde. Mo tún un là. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú mi. Mo rọra dùbúlẹ̀ sórí ẹní, mo gbé orí lé itan wọn, òórùn òrí ara wọn bò mí, oorun sì tún ń bọ̀.

Fóònù wọn dún. Láti òkèèrè ni mo ti ń gbọ́ bàbá gáréèjì tó ń pariwo pé ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra. Ọwọ́ màmá mi wà lórí irun mi.

"Ẹ fi àyè yẹn fún ẹlòmíràn," wọ́n ní. "Ọmọ mi ò tíì jí."