Ìkúnlẹ̀ Ọmọ Mi Nínú Kàtídírà Orí Òkè

Ara ti ń fu mí kí a tó kúrò ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí ló kan ọmọ tí mò ń gbé pọ̀n lọ sí àsálátù láti kékeré pẹ̀lú kàtídírà? Ó ní iṣẹ́ yunifásítì òun ni: ilé àtijọ́ kan lórí òkè ní Ítálì, tí ìmìtìtì ilẹ̀ wó lulẹ̀, tí wọ́n ṣa òkúta rẹ̀ jọ, tí wọ́n tún un kọ́. Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yunifásítì kì í mú èèyàn máa rẹ́rìn-ín sí fóònù nínú bọ́ọ̀sì títí tá a fi kọjá ibi tó yẹ ká sọ̀. Èéfín nìwà. Nígbà tó wá ní òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tèmi náà, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ kan èrú nínú. Ọmọ mi fẹ́ di Kristẹni, ó sì fẹ́ kí ojú mi rí i. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo tẹ̀lé e.

Òkè yẹn ga, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Nígbà tá a wọlé, ó ń fi òkúta àtijọ́ àti tuntun hàn mí lára ògiri. Mi ò wo òkúta kankan. Òun ni mò ń wò, tí mò ń ka Ayatul Kurisiyu lábẹ́lẹ̀ kí Ọlọ́run lè dáàbò bò ó.

Mo bẹ̀rẹ̀ kí n so okùn bàtà mi. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, mi ò rí i mọ́. Ẹ̀yìn òpó ńlá kan ni mo ti bá a, orúnkún méjèèjì nílẹ̀, ó doríkodò, ère obìnrin kan wà lókè níwájú ẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé ọrùn ló fi ń kí mi láàárọ̀! Bí mo bá ní kó kúnlẹ̀, á ní ilẹ̀ tutù. Inú bí mi, ẹ̀rù sì bà mí. Mo ní ọmọ mi ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn. Mo fa hìjáábù ẹ̀ láti ẹ̀yìn.

“Dìde! Ta lò ń kúnlẹ̀ fún?”

Ìgbà tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mo tó rí ìyá arúgbó kan, òyìnbó, tó jókòó sábẹ́ ère náà, tó na ọwọ́ méjèèjì, tí kò mọ̀ bóyá kó fà á dìde. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó jọ ọ́ gan-an dúró tì í. Kò lè wò mí lójú.

“Mọ́mì, ìyá ẹni tí mò ń fẹ́ nìyí. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ọjọ́ tí mo bá kọ́kọ́ rí ìyá ọkọ mi, kí orúnkún mi kanlẹ̀.”

Mo sọ ọ́ lóòótọ́, ní ilé ìdáná wa, nígbà tó ṣì kéré. Mo rò pé kò gbọ́ ni.

Mo bi í pé ṣé ọkùnrin náà ń kírun. Kò dìde. Ó kàn ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí wọn ná.”

Mo tẹ orúnkún mi tó ń dùn mí, mo kí ìyá náà. Ìgbà yẹn lọmọ mi tó dìde, ẹ̀gbẹ́ mi ló sì wá dúró sí. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú gírí, mi ò gbójú kúrò lára ọkùnrin yẹn.