Wáyà Tí Bàbá Mi Kọ̀

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, rédíò méjì tó ń sọ̀rọ̀ ló wà ládùúgbò wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kì í ṣe rédíò tí ẹ fi ń gbọ́ ìròyìn ni mò ń wí o. Èyí tí ènìyàn ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ sí ni, tí ẹni tó ní irú rẹ̀ nílùú mìíràn yóò sì dá a lóhùn. Ọ̀kan jẹ́ ti bàbá mi, tó ti ṣe iṣẹ́ rédíò nínú ẹgbẹ́ ológun. Ìkejì jẹ́ ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe, tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé wa níyà. Ẹ má bínú bí ohùn mi bá le. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi.

Ìyá atúnaagoṣe yìí ń ṣàìsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Fóònù kò sí ládùúgbò wa, nítorí náà ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbẹ̀, tó ní rédíò tirẹ̀, a máa pè é lẹ́yìn ìrun Aláásárì láti sọ bí ara ìyá ṣe rí. Bátìrì mọ́tò ni ọ̀rẹ́ náà ń lò, kì í lè pẹ́ lórí rẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni bàbá mi náà máa ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìlọrin tàkúrọ̀sọ: òjò rọ̀, òjò ò rọ̀, iṣu ta, iṣu ò ta. Rédíò bàbá mi sì ní àléébù. Ohùn rẹ̀ ń jáde lórí nọ́ńbà tó yí rédíò sí, ṣùgbọ́n ó tún ń yọ lórí nọ́ńbà tó jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀, níbi tí atúnaagoṣe ti ń gbọ́ Ògbómọ̀ṣọ́. Bí bàbá mi bá ti lanu, ariwo á bo gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, atúnaagoṣe mú wáyà wá. Wáyà áńtẹ́nà dúdú ni, ó gùn tó ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún, ó ká a bí okùn ẹran. Ó ti fi òjé lẹ wáyà inú rẹ̀ mọ́ èyí tó yí i ká ní ìdí kan, ó sì so irin kékeré ẹlẹ́nu mẹ́ta mọ́ ìdí kejì, tí a ó fi kì í bọ ẹ̀yìn rédíò wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ áńtẹ́nà. Gígùn rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Bó bá pé géérégé, á jẹ́ kí ohùn tí a fẹ́ kọjá, á sì gbé ìlọ́po rẹ̀ mì. Díẹ̀díẹ̀ ló gé e, tó ń dán an wò, torí wáyà tí a bá gé kọjá ààlà, ta ni yóò fà á gùn? Kò sì ṣe é fi sí rédíò tirẹ̀, torí ohun tó bá dí ariwo wa níbẹ̀ yóò dí Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú.

“Ẹ kú ìsinmi o, Àlàájì,” ló wí. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fi èyí sẹ́yìn rédíò yín. Kò ní ba nǹkan kan jẹ́.”

Bàbá mi ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. “Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rédíò, ṣé wọ́n ti bí ẹ? Kò sí nǹkan tó ṣe tèmi. Tìẹ ni kó o lọ tún ṣe.”

Ọkùnrin náà gbé wáyà kalẹ̀, ó ní ẹ ṣé sà, ó lọ. Bàbá mi fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ tábìlì.

Èmi mọ ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rù rẹ̀. Mo wo wáyà náà lọ́jọ́ Àìkú, mo wò ó lọ́jọ́ Ajé, mo wò ó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́rú ni ìbínú mi tó borí ẹ̀rù. Bí bàbá mi ṣe gba mọ́sáláṣí lọ, mo fa wáyà náà jáde, mo kì í bọ̀ ọ́. Ó dé, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ iṣu rẹ̀, kò fura. Mo sáré lọ sójú fèrèsé atúnaagoṣe láti gbọ́ bóyá ó ṣiṣẹ́.

Ó ṣiṣẹ́. Ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́ gaara.

“A ti sin Màmá lánàá o. Ṣebí mo sọ fún ẹ lọ́jọ́ Ajé pé Màmá ń bèèrè ẹ, pé kó o máa bọ̀ kíákíá? O ní o gbọ́. O tún ní alihamudulilahi! Gbogbo ẹbí ló ń wí i pé o gbọ́, o ò wá.”

Ariwo bàbá mi nìkan ni atúnaagoṣe gbọ́ lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tí ariwo yóò fi dákẹ́, “Ṣé o gbọ́?” ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wí. Ara ìyá ti ń yá bọ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ kan, bátìrì ọ̀rẹ́ sì ti ń kú lọ, ojú tì í láti ní kó tún un sọ. Ló bá ní òun gbọ́, ó dúpẹ́.

Mo wọlé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi. Mo rò pé yóò nà mí. Ìbá sàn kó nà mí. “Ikú tí Ọlọ́run ti kọ,” ló wí, “ṣé wáyà ló máa dá a dúró?” Wọ́n ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní ọmọ burúkú ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun ń fi Ọlọ́run bojú! Kò sì yọ wáyà náà o. Ó lò ó títí ó fi kú, kò fìgbà kan sọ pé ti ta ni.

Kò pé oṣù kan tí atúnaagoṣe kó ẹrù rẹ̀, ó fẹ́ lọ bẹ àwọn ẹbí rẹ̀. Ó wá dágbére fún bàbá mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. Bàbá mi ní Ọlọ́run á bùkún ẹ, ọkùnrin náà ní àmín sà.

Lónìí, gbogbo yín lẹ ní fóònù lápò. Ẹni tó kú ní Ọ̀yọ́ láàárọ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ á ti gbọ́ kí omi tí wọn ó fi wẹ̀ ẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ayé ti yí. Àwọn ẹgbẹ́ mi a máa jókòó lọ́nà ọjà Akẹ̀sán, wọn a ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò lẹ́kọ̀ọ́ mọ́, wọn ò dọ̀bálẹ̀ mọ́, wọ́n ń já àgbà ní koro. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, èmi a dìde kúrò níbẹ̀. Mo ti rí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún ọkùnrin tí kò jẹ́ kó sin ìyá rẹ̀. Ọmọ tó bá rí àṣìṣe mi, kó dúró ṣánṣán, kó sọ ọ́ sí mi lójú.